Tom Wilson, Ẹni Tí Ó Jókòó Lẹ́yìn Gíláàsì

Bí a bá mú àwo orin àtijọ́ kan lọ́wọ́, tí a sì yí ẹ̀yìn páálí rẹ̀ padà, orúkọ púpọ̀ ni a óò rí níbẹ̀. Orúkọ akọrin ni a kọ gàgàrà. Ti àwọn tí ó ta gìtá àti àwọn tí ó lù ìlù tẹ̀lé e. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà tí ó kéré débi pé ẹni tí ó ti ń lo awò yóò ní láti gbé e sún mọ́ ojú, ni a óò ti rí orúkọ ẹni tí ó gbé orin náà jáde. Kì í ṣe òun ni ó kọrin, kò sì fọwọ́ kan ohun èlò kankan. Síbẹ̀ òun ni ó yan àwọn tí yóò lu ohun èlò, òun ni ó ṣọ́ owó ilé-iṣẹ́, òun ni ó jókòó lẹ́yìn gíláàsì pẹ̀lú ẹni tí ń darí ẹ̀rọ, tí ó tẹ́tí, tí ó sì pinnu bóyá kí wọ́n tún un kọ tàbí pé ó ti tó.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ jáde wa, pàápàá àwọn tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún bí tiwa, ni ó mọ orin tí a ń pè ní “The Sound of Silence” láti orí rédíò. Ẹ mọ Simon àti Garfunkel. Ẹ mọ Bob Dylan. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú yín má mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú kan, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ni ó wà lẹ́yìn gíláàsì nígbà tí a gba ohùn wọn sílẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ nínú ìwé ìrántí ọdún yìí.

A bí Thomas Blanchard Wilson ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1931 ní ìlú Waco, ní ìpínlẹ̀ Texas ti Amẹ́ríkà. Ìlú àwọn Onítẹ̀bọmi ni Waco. Níbẹ̀ ni Yunifásítì Baylor wà, èyí tí ìjọ náà dá sílẹ̀ tí ó sì lókìkí jákèjádò ìpínlẹ̀ náà. Ìlú yìí kan náà ni ó sì jẹ́ pé ní oṣù Karùn-ún ọdún 1916, ọdún 15 péré kí a tó bí Wilson, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn péjọ sí iwájú gbọ̀ngán ìlú láti wo bí a ti ń dáná sun Jesse Washington, ọmọ ọdún 17 aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì ìfìwéránṣẹ́ fún títà. Àwa tí a jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ yí ojú kúrò níbẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó lọ sí ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi kò ṣàìsí nínú irú èrò bẹ́ẹ̀.

Inú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Tom dàgbà sí. Ìjọ New Hope Baptist ni ó ń lọ, ilé-ìwé girama A. J. Moore tí ó wà fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ni ó sì ti kàwé. Nígbà tí ó parí, Baylor wà nítòsí ilé wọn, ti ìjọ tirẹ̀ sì ni, ṣùgbọ́n kò lè wọ ibẹ̀. Ó di ọdún 1963 kí àwọn aláṣẹ yunifásítì náà tó dìbò pé kí a máa gba aláwọ̀ dúdú wọlé. Ọdún yẹn gan-an ni Wilson dé ipò ńlá nílé-iṣẹ́ orin, gẹ́gẹ́ bí a óò ti rí i.

Yunifásítì Fisk ní Nashville ni ó kọ́kọ́ lọ. Àwọn ajíhìnrere ni ó dá Fisk sílẹ̀ ní ọdún 1866 fún àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ kúrò lóko ẹrú. Kò pẹ́ tí gbèsè fi fẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa. Ní ọdún 1871 ni ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀, Jubilee Singers, kó orin ẹ̀mí àwọn baba wọn rìn káàkiri Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì dé Ìlú Ọba, tí wọ́n kọrin níwájú Ọbabìnrin Victoria. Owó tí wọ́n rí ni a fi kọ́ Jubilee Hall, tí ó wà níbẹ̀ títí di òní. A mẹ́nu ba èyí nítorí pé ẹni tí ó bá ti jẹun nínú irú gbọ̀ngán bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ kí ó tó gba ìwé-ẹ̀rí kankan pé orin lè kọ́ ilé.

Láti Fisk ni ó ti kọjá sí Harvard, níbi tí ó ti gboyè pẹ̀lú ìyìn ní ọdún 1954. Kí ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bínú sí ẹgbẹ́ òṣèré, ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ aṣàríyànjiyàn, tí ẹ rò pé wọ́n ń jẹ àkókò ìwé àwọn ọmọ yín, jọ̀wọ́ fetí sí èyí. Ní Harvard, Wilson wà nínú ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ orin jáàsì, ó sì ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, WHRB. Nígbà tí ó di ẹni ńlá, kì í ṣe kíláàsì ni ó fi gbogbo àṣeyọrí rẹ̀ nínú iṣẹ́ orin sí lọ́rùn. Ilé-iṣẹ́ rédíò náà ni.

Ó jáde tán, ó yá owó tí kò tó 1,000 dọ́là, ó sì fi dá ilé-iṣẹ́ àwo orin tirẹ̀ sílẹ̀ ní Cambridge, lẹ́bàá Harvard. Transition ni ó pè é. Ẹni tí ó bá ń wá èrè kíákíá kì bá tí ṣe ohun tí ó ṣe. Àwọn tí ó kó jọ ni àwọn tí ilé-iṣẹ́ ńlá kò fẹ́ fi ojú kàn, nítorí pé orin wọn ṣàjèjì sí etí. Àwo àkọ́kọ́ ti Cecil Taylor, tí ó máa ń tẹ pìánò bí ẹni ń lu ìlù, Wilson ni ó gbé e jáde. Àwo àkọ́kọ́ ti Sun Ra pẹ̀lú, èyí tí a gbà sílẹ̀ ní ọdún 1956, òun náà ni. Lónìí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi àwo méjèèjì kọ́ni ní yunifásítì. Nígbà náà, wọn kò tà, ilé-iṣẹ́ náà kò sì pẹ́ tí ó fi kógbá sílé. Wilson lọ ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1963 ni Columbia gbà á síṣẹ́ ní New York. Columbia kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kékeré. Ibẹ̀ ni Babatunde Olatunji tiwa, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, ti gbé àwo ìlù rẹ̀, Drums of Passion, jáde ní ọdún 1960. Ṣùgbọ́n kí aláwọ̀ dúdú kọrin tàbí kí ó lùlù fún ilé-iṣẹ́ ńlá, ìyẹn ti mọ́ àwọn ènìyàn lára. Kí ó jókòó lẹ́yìn gíláàsì, kí ó máa darí akọrin aláwọ̀ funfun, kí ó sì ní àṣẹ láti sọ pé kí wọ́n tún un ṣe, ọ̀tọ̀ ni èyí.

Ẹni tí a gbé lé e lọ́wọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 21 kan, Bob Dylan, tí ń ta gìtá, tí ń fun hàmóníkà, tí ohùn rẹ̀ kò dùn létí ọ̀pọ̀ ènìyàn. John Hammond, àgbà nínú iṣẹ́ náà, ni ó mú Dylan wọ Columbia, ṣùgbọ́n Hammond àti alábòójútó Dylan kò gbọ́ ara wọn yé, ni a bá fi Wilson rọ́pò rẹ̀. Wilson kò fẹ́ràn orin ìbílẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun ń kọ nígbà náà. Ẹni tí jáàsì ti wọ̀ lára ni, ó sì rò pé kò sí ọgbọ́n kan nínú irú orin wọ̀nyẹn. Àwọn ọ̀rọ̀ inú orin Dylan ni ó mú kí ó jókòó tẹ́tí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1963, níjókòó kan ṣoṣo, wọ́n gba orin mẹ́rin sílẹ̀ tí ó wọ àwo tí ó sọ Dylan di olókìkí, ọ̀kan nínú wọn sì ni orin tí ó dojú kọ àwọn tí ń fi ohun ìjà ṣòwò.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n tún wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí oṣù méjì pé tí a yìnbọn pa Medgar Evers, aṣíwájú ìjà ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, níwájú ilé rẹ̀ ní Mississippi. Dylan kọ orin kan lórí ikú yìí. A fẹ́ kí ẹ fojú inú wò ó: ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun níwájú ẹ̀rọ agbóhùn, ó ń kọrin nípa aláwọ̀ dúdú tí a pa; ọmọ Waco lẹ́yìn gíláàsì, ìlú tí a ti sun Jesse Washington, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ bóyá orin náà ti dára tó. Wilson kì í ṣe ẹni tí ń pariwo ìṣèlú. Ní Harvard, òun ni ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Republican. Ṣùgbọ́n irú orin bẹ́ẹ̀ gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò sì bu iyọ̀ rẹ̀ kù.

Oṣù Kẹfà ọdún 1965 ni ó yẹ kí a dúró sí pẹ́ díẹ̀, nítorí pé nínú oṣù kan ṣoṣo yìí ni Wilson ti ṣe ohun méjì tí ó yí orin Amẹ́ríkà padà.

Èkíní. Dylan ti ń fi gìtá oníná kún orin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Kódà ní oṣù Kejìlá ọdún 1964, Wilson ti dán an wò fúnra rẹ̀: ó mú orin àtijọ́ Dylan kan tí ó ti wà nínú téèpù, ó sì ní kí àwọn onílù àti onígìtá oníná lù lé e lórí. Kò tíì jinná nígbà náà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 15 àti 16 oṣù Kẹfà, wọ́n péjọ láti gba “Like a Rolling Stone” sílẹ̀. Wilson ti pe ọmọkùnrin kan, Al Kooper, pé kí ó wá wòran. Kooper gbé gìtá rẹ̀ dání, ó ń retí pé bóyá wọn yóò fún òun náà láyè. Nígbà tí ó gbọ́ bí Mike Bloomfield ti ń ta gìtá, ó rọra kó tirẹ̀ pa mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó wà nídìí dùùrù kúrò lọ sídìí pìánò. Kooper yọ́ lọ jókòó sídìí dùùrù tí kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa, ó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìfòyà, ó máa ń dúró gbọ́ ohun tí àwọn yòókù lù kí ó tó fi tirẹ̀ tẹ̀lé e. Wilson rí i. Ó lè lé e dìde. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, owó ilé-iṣẹ́ ni ó sì ń jó lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Kò lé e. Nígbà tí a tún orin náà gbọ́, Dylan ní kí a gbé ohùn dùùrù náà sókè, dùùrù yẹn sì ni gbogbo ayé fi ń dá orin náà mọ̀ di òní. Ó gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, nígbà tí rédíò kì í fẹ́ kọjá mẹ́ta, síbẹ̀ ó dé ipò kejì ní Amẹ́ríkà.

Àwa tí a ti ṣe olùkọ́ rí mọ ohun tí Wilson ṣe yìí. Ọmọ kan wà níbi tí kò yẹ kí ó wà, ó ń ṣe ohun tí a kò rán an. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni a ní láti mọ̀ bóyá kí a na ọwọ́ mú un tàbí kí a dákẹ́ wò ó.

Èkejì ṣòro ju èyí lọ láti dá ẹjọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1964, ọ̀dọ́ kan tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí ń ta orin kíkọ, Paul Simon, mú orin wá han Wilson. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ nípa ọ̀dọ́mọkùnrin tí a pa nítorí ìjà ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú. Wilson fẹ́ ẹ fún ẹgbẹ́ akọrin mìíràn, ṣùgbọ́n Simon bẹ̀ ẹ́ pé kí òun àti ọ̀rẹ́ òun, Art Garfunkel, kọ ọ́ fúnra wọn. Ó gbà. Àwo wọn, Wednesday Morning, 3 A.M., jáde ní oṣù Kẹwàá, gìtá lásán àti ohùn méjì. Inú wa máa ń dùn pé orin ìjọ wà nínú rẹ̀: orin ẹ̀mí tí a fi ń kéde ìbí Jésù lórí òkè wà níbẹ̀, Benedictus ti èdè Látìn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò tà. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì tú ká. Garfunkel padà sí ẹ̀kọ́ rẹ̀, Simon rékọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń kọrin kiri.

Ní àkókò yìí ni ọ̀kan nínú orin àwo náà bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò retí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ní Boston ń lò ó lóru, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì agbègbè náà sì ń béèrè fún un. Ìròyìn dé etí Wilson. Ní oṣù Kẹfà yìí kan náà, lẹ́yìn iṣẹ́ Dylan, ó dá díẹ̀ nínú àwọn onílù àti onígìtá dúró, ó fi àwọn mìíràn kún wọn, ó sì gbé téèpù “The Sound of Silence” síwájú wọn pé kí wọ́n lu gìtá oníná àti ìlù lé e. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ méjì wọ̀nyẹn kọrin náà, kò sí onílù tí ó ń ká ìgbésẹ̀ wọn. Wọ́n ń yára níbì kan, wọ́n ń fà níbòmíràn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lùlù tẹ̀ lé wọn ní láti máa ṣọ́ ohùn tí kò lè dúró dè é. Ẹni tí ó bá farabalẹ̀ gbọ́ ọ lónìí yóò ṣì rí ibi tí ìlù ti ń lépa akọrin. Àwo náà jáde ní oṣù Kẹsàn-án. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1966, òun ni ó wà ní ipò kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ Simon tàbí Garfunkel. Ẹ̀yìn òde ni wọ́n ti gbọ́ pé a ti wọ aṣọ mìíràn fún ọmọ wọn. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òtítọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ ni ó ni téèpù, òfin sì wà lẹ́yìn Wilson, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin àti ohun tí ó yẹ láàárín ènìyàn sí ènìyàn kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan náà. Lójú tiwa, ó yẹ kí ó kọ lẹ́tà kan, ó kéré tán. Lójú tiwa pẹ̀lú, bí kò bá ṣe é, ó ṣòro láti rí ohun tí ì bá tún so àwọn ọ̀dọ́ méjì yẹn pọ̀. Wọ́n padà wá bá ara wọn, wọ́n sì kọrin pọ̀ títí di ọdún 1970. A kò ní fi èso rere náà wẹ ìwà náà mọ́, a kò sì ní tìtorí ìwà náà sọ pé èso náà korò.

Ta ni ó jẹ nínú rẹ̀? Kí ọdún 1965 tó parí, Wilson ti kúrò ní Columbia. Bob Johnston ni a gbé Dylan fún, òun náà ni a sì gbé Simon àti Garfunkel fún. Nínú àwo tí a fi orúkọ orin náà pè, díẹ̀ nínú àwọn orin ibẹ̀ nìkan ni ó jẹ́ ti Wilson. Àwa tí ń ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì kò lè ṣàìrántí Bánábà. Òun ni ó di ọwọ́ Sọ́ọ̀lù mú nígbà tí gbogbo ìjọ Jerúsálẹ́mù ń sá fún un, òun ni ó lọ wá a ní Tásù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Bánábà àti Sọ́ọ̀lù ni Lúùkù ń kọ. Nígbà tí ó yá, ó di Pọ́ọ̀lù àti Bánábà. Lẹ́yìn orí kẹẹ̀ẹ́dógún, Bánábà wọ ọkọ̀ lọ sí Kípírù, Lúùkù kò sì tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Wilson kò jókòó sunkún. Ó lọ sí ilé-iṣẹ́ MGM àti Verve, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn tí ẹlòmíràn ń sá fún jọ. Hugh Masekela wà lára wọn, afunfèrè ará South Africa tí àlùfáà Áńgílíkà kan, Trevor Huddleston, bá wá fèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ nígbà tí ó wà nílé-ìwé. Frank Zappa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀: orin kan ṣoṣo tí wọ́n kọ nípa rúkèrúdò àdúgbò Watts ni Wilson gbọ́ tí ó fi gbà wọ́n. Nígbà tí wọ́n wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ní ọdún 1966, tí ó rí i pé ohun tí wọ́n gbé wá kò jọ ohun tí òun rò rárá, dípò kí ó lé wọn, ìpè ni ó pe New York pé kí wọ́n fi owó kún un. Ẹgbẹ́ Velvet Underground náà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ní tòótọ́, a kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó gbé gbogbo àwo wọ̀nyí wọ ilé Kristẹni. Àwọn kan nínú wọn sọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwàkiwà láìbojú. Ṣùgbọ́n bí ó ti rí nígbà Transition náà ni ó rí níhìn-ín: wọn kò tà lọ́jọ́ náà, àwọn tí ó sì gbọ́ wọn ni ó wá di akọrin ìran tí ó tẹ̀ lé e. Láàárín ọdún 1967 sí 1968, ó tún padà sídìí rédíò, ó ń ṣe olóòtú ètò orin tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé sáfẹ́fẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe ní WHRB.

Lẹ́yìn èyí ó dá dúró, ó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì ń rọlẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1978, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní Los Angeles. Ọdún 47 ni ó lò láyé. Wọ́n gbé e padà sí Waco, wọ́n sì sin ín sí ibi ìsìnkú tí a fi orúkọ Doris Miller pè. Ọmọ Waco ni Miller náà, ìránṣẹ́ inú ọkọ̀ ogun tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ilé ìdáná àti aṣọ fífọ̀ lọ, nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941, nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ ní Pearl Harbor, ó gbé ọ̀gá rẹ̀ tí ó fara gbọgbẹ́, lẹ́yìn náà ó di ìbọn ńlá tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ mú, ó sì ń yìn ín sí ojú ọ̀run. Ilé-ìwé A. J. Moore ni òun náà lọ.